Ẹyẹ Ò Ka Pátákó

Pátákó ìjọba dúró létí odò, lórí òkè,
àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, lẹ́tà rẹ̀ funfun báláú:
IGBÓ ÌJỌBA BẸ̀RẸ̀ NÍHÌN-ÍN. MÁ GÉ IGI. MÁ DỌDẸ.
Lẹ́yìn rẹ̀, kùrukùru ń gun òkè Áńdíìsì bí ẹni gun àkàsọ̀.
Níwájú rẹ̀, oko kọfí Ubaldina ni,
éékà mẹ́ta àbọ̀, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́
débi pé ẹni tó bá ń já kọfí níbẹ̀
a fokùn so ìbàdí mọ́ igi.

Yaneth ti ìlú ńlá dé ní oṣù kẹwàá,
awò ìwòjìnnà lọ́rùn, bàtà rọ́bà tó tóbi jù ú lọ.
Èmi ni mo bá a gbé àpò.
Ó ní òun wá ka ẹyẹ.
Ubaldina ní, "Inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kà wọ́n, ọmọ mi.
Oko lèyí."
"Oko gan-an ni wọ́n rán mi wá, Màmá."

Aago márùn-ún àárọ̀. Òtútù ń ta wá lórí ìka.
Ẹyẹ ò ka pátákó; ọmọ yìí ń ka ẹyẹ.
Àkókó ń kan igi kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ìbátan odídẹrẹ́ dé, aláwọ̀ ewé, ogún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
wọ́n ń jà lórí ọ̀pọ̀tọ́ bí ọmọ olóògbé tó ń pín ogún.
Ọ̀kan wà tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
ó dúró sójú afẹ́fẹ́, ó ki ẹnu bọ òdòdó,
ó sì fẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó kúrò níwájú ọba.
Àwọn aláyà rúsúrúsú bí iyeyè,
tí yìnyín lé wá láti àríwá:
"Àlejò mi nìwọ̀nyẹn," ni Ubaldina wí,
"tí wọ́n bá ti dé, kọfí ti ń pọ́n."
Àti lékeléke, lẹ́yìn màlúù aládùúgbò!
Wọ́n ní òkun ni baba ńlá rẹ̀ fò kọjá wá síbí.
Mo na èékánná mi sí i
kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jáde o.
Ọ̀kan ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ nínú òkùnkùn òdìkejì odò,
súfèé rẹ̀ là ń gbọ́. Kò ní kọjá láé.
Ká sọ òótọ́: oko kì í ṣe igbó.

Oko Herminsul mọ́ tónítóní.
Báńkì ló ní kó gé gbogbo igi tó ń ṣíji bo kọfí.
Yaneth jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta,
ó kọ ọ́ sílẹ̀: igún kan, lókè réré, ó ń kọjá lọ.
Herminsul ò burú. Ọmọ mẹ́rin ló ń rán nílé ìwé.
"Mélòó lo rí?" ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
Yaneth ń wá ìdérí ìgò omi rẹ̀.

Nílé wa, a ní ojú ọ̀run tó ẹyẹẹ́ fò láìfara kanra.
Mo gbà. Ẹ̀ka tí wọn ó bà lé ńkọ́?

"Báńkì ò wá bá yín ni, Màmá?"
Ubaldina fọwọ́ pa ara igi ọ̀pọ̀tọ́,
níbi tí okùn ti jẹ ẹ́ wọnú:
"Ibí lọkọ mi ń so ibùsùn okùn rẹ̀ mọ́.
Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ yìí jinná ná.
Ọdún kọkànlá rèé."

Lálẹ́, Yaneth fa ìlà sáàárín ìwé rẹ̀:
apá kan, INÚ. Apá kejì, ÌTA.
Apá kejì kún, ó ṣẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé.
Ubaldina wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà:
"Ìta kí ni?"

A ò tíì dá a lóhùn nígbà tílẹ̀ mọ́.
Ẹyẹ aláró kan bà sórí pátákó ìjọba,
ó su sórí lẹ́tà tó kẹ́yìn,
ó fò wá sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa.